Ibi Tí Ìfẹ́dayọ̀ Kọ́ Wa Dé

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ já kọ̀ǹpútà mẹ́wàá sílẹ̀ níwájú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Àpèkẹ́ Fáṣínà dúró lójú fèrèsé kíláàsì rẹ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kó páálí wọlé, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé iṣẹ́ òun ti parí nìyẹn. Ọdún 2003 ni. Ó ti pé ọdún mẹ́rìnlélógún tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní tàìpù títẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba yẹn ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ ti di akọ̀wé ọ́fíìsì káàkiri Ìkòyí àti Marina, àwọn mìíràn nínú wọn tilẹ̀ ti ní ọmọ tó tó lọ́kọ. Ẹ̀rọ tàìpù tó kù ní kíláàsì náà ò ju mẹ́fà lọ, méjì nínú wọn ò sì ní ríbọ́ọ̀nù.

Kàkà kí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ńṣe ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì.

"Ìyáàfin Fáṣínà, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà."

"Èmi kẹ̀, sà? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tàn án."

"Ṣebí tàìpù lẹ ti ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí? Lẹ́tà tó wà lórí tiyín náà ló wà lórí èyí. Ìjọba ò tíì fún wa ní tíṣà kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yìí àtijọ́ tó dáwó rà á ò sì ní fẹ́ gbọ́ pé a tì í mọ́ yàrá. Ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i, mà."

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ìjọba mọ̀ pé bí ọ̀gá bá ti fi "mà" parí ẹ̀bẹ̀, àṣẹ ló pa yẹn. Àpèkẹ́ ní kò burú, ó jáde, ó gba ilé lọ.

Ilé wọn wà ní Festac, ní Fifth Avenue, fúláàtì tí ìjọba àpapọ̀ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Káyọ̀dé, ọkọ rẹ̀, ti fẹ̀yìntì. Pálọ̀ ló máa ń jókòó sí pẹ̀lú ìwé ìròyìn, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Inú yàrá kejì ni Ìfẹ́dayọ̀ wà, ọmọ wọn, ọmọ ọdún méjìlélógún.

Ìfẹ́dayọ̀ nìkan ló kù fún wọn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nígbà tó kú, ìgbà yẹn ni dókítà kan tó wá pe Àpèkẹ́ àti ọkọ rẹ̀ jókòó, tó ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ò bára mu, pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló mú ọmọ náà lọ. Oyún Ìfẹ́dayọ̀ ti pé oṣù márùn-ún nínú Àpèkẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n ṣe bí i ni wọ́n ti ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹyin lórí àpáta. Òtútù ò gbọdọ̀ mú un, òjò ò gbọdọ̀ pa á, òùngbẹ ò gbọdọ̀ gbẹ ẹ́. Síbẹ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ló wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Yábàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni egungun ríro gbé e padà wálé. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó ní òun ò lọ mọ́. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà lẹ́bàá Apple Junction, ó lo oṣù mẹ́sàn-án níbẹ̀. Kí oṣù mẹ́sàn-án náà tó pé, òun ni ọ̀gá wọn ń ní kó kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Bàbá rẹ̀ ra kọ̀ǹpútà tókúńbọ̀ kan fún un, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Nígbà tí Àpèkẹ́ ròyìn ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé sọ, ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá kọ́ yín lónìí, ẹ̀yin náà á kọ́ wọn lọ́la."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí Àpèkẹ́ bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, tó jẹun tán, yóò fa àga sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìka rẹ̀ yá lórí lẹ́tà, ó yá ju ti Ìfẹ́dayọ̀ pàápàá lọ, ìyẹn sì ń dùn mọ́ ọn nínú. Máòsì ló jẹ́ ìṣòro. Ọwọ́ méjèèjì ló fi dì í mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni mú adìyẹ tí kò fẹ́ kó sá lọ, bí ọmọ rẹ̀ bá sì ní kó gbé e sókè lójú kọ̀ǹpútà, yóò gbé e kúrò lórí tábìlì.

"Ẹ má gbé e, mà. Ẹ kàn fi fa ilẹ̀."

"Ìwọ lo ní kí n gbé e sókè."

Ẹ̀rín wọn jáde sí pálọ̀. Káyọ̀dé bi wọ́n láti ibi tó jókòó sí pé kí ló dé, wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín.

Ìfẹ́dayọ̀ ra ìwé olójú ewé ọgọ́rin kan, ó ń kọ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀ fún ìyá rẹ̀: ohun tí yóò sọ, ohun tí yóò ní kí àwọn ọmọ ṣe, ìbéèrè tí wọ́n lè bi í àti ìdáhùn rẹ̀. Ìkọ̀wé rẹ̀ dùn ún wò. Àpèkẹ́ a gbé ìwé náà dání lọ sí kíláàsì bí pásítọ̀ ṣe ń gbé Bíbélì.

Àmọ́ ìbéèrè ọmọdé kì í tán. Ọmọ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà ní kíláàsì náà, kọ̀ǹpútà méje ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́wàá. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Juliana, tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ mú bí abẹ́. Ó dìde lọ́jọ́ kan.

"Mà, tí a bá pa kọ̀ǹpútà, níbo ni ohun tí a kọ ń lọ?"

Àpèkẹ́ ṣí ìwé ọmọ rẹ̀ síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀. Ó ní òun á dáhùn lọ́la. Nígbà tó délé tó sọ ọ́, Ìfẹ́dayọ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n máa bá yín lọ."

Ẹ̀rù ba ìyá rẹ̀. Inú rẹ̀ sì tún dùn. Ó bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, ìyẹn sì gbà kí ọmọ náà máa wá ní Túsìdé àti Tọ́sìdé, bí kò bá ti dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Láàárín oṣù kan, kò sí ọmọ tó ń sá fún kíláàsì kọ̀ǹpútà mọ́. Àǹtí Ìfẹ́ ni wọ́n ń pè é. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, síbẹ̀ gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́. Ọjọ́ tí NẸ́PÀ mú iná lọ, tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé wọn, ó ní kí wọ́n jókòó. Ó ní kí kálukú wọn mú páálí pẹlẹbẹ kan wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un dé, ó kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ya gbogbo lẹ́tà kọ̀ǹpútà sórí rẹ̀, ní ipò wọn gan-an, láìyẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá lọ, wọ́n á gbé páálí sórí tábìlì, Ìfẹ́dayọ̀ á máa pe ọ̀rọ̀, ìka mẹ́tàlélọ́gọ́ta ọmọ á máa dún lórí páálí bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.

Ẹ̀yìn kíláàsì ni Àpèkẹ́ máa ń jókòó sí. Ọmọ tó jẹ́ pé lórí ibùsùn ló ti lo ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ mọ ìrora rẹ̀ ju ẹ̀rín rẹ̀ lọ, òun ló dúró gbọnyin níwájú ogunlọ́gọ̀ yìí, tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Nígbà mìíràn, Àpèkẹ́ á bojú wo ìta kí wọ́n má baà rí ojú rẹ̀.

Ó dé oṣù kẹfà ọdún 2004. Ìwé wá láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ pé àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ ní Túsìdé, kíláàsì kọ̀ǹpútà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ wò. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé ní kí wọ́n fọ yàrá náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá epo sí jẹnẹrétọ̀.

Láàárọ̀ Túsìdé náà, Àpèkẹ́ wọlé láti jí ọmọ rẹ̀, ó bá a tó jókòó sétí ibùsùn.

"Mọ́mì, ara mi ò le. Orúnkún ń ro mí."

Àpèkẹ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Kò gbóná. Ó wo aago, ó rántí àwọn aláyẹ̀wò, ó rántí pé ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì yé òun dáadáa.

"Ìfẹ́, wákàtí kan péré ni. Tí wọ́n bá ti lọ báyìí, èmi fúnra mi ni màá mú ẹ wálé."

Ọmọ náà wò ó. Ó ní, "Ó dáa, mà," ó dìde lọ wẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án ni àwọn aláyẹ̀wò ní àwọn ń bọ̀. Aago mọ́kànlá kọjá kí wọ́n tó dé. Wọ́n jókòó, Ìfẹ́dayọ̀ sì kọ́ kíláàsì náà débi pé ọ̀kan nínú wọn, obìnrin àgbàlagbà kan, bọ́ gíláàsì tó fi ń kàwé kó lè rí i dáadáa. Juliana dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé ní kí Àpèkẹ́ máa bọ̀ ní ọ́fíìsì, pé àwọn àlejò fẹ́ kí i, wọ́n sì fẹ́ fi nǹkan tutù panu.

"Dúró dè mí," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Mi ò ní pẹ́."

Ó pẹ́. Ọ̀rọ̀ ń gùn, wọ́n ń yìn ín, kò sì rọrùn láti dìde lójú àwọn ọ̀gá. Nígbà tó rí i pé òjò ti ṣú, ó tọrọ gáfárà, ó sáré padà sí kíláàsì. Wọ́n ní Àǹtí Ìfẹ́ ti lọ. Ó ní òun fẹ́ tètè délé kí òjò tó dé.

Òjò ló kọ́kọ́ dé. Ó ká a mọ́ Apple Junction níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀, kò sì rí ibi yà sí, nítorí àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ ti kún abẹ́ gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí Àpèkẹ́ délé, ó bá aṣọ ọmọ rẹ̀ tó rin gbingbin nínú báfù, ó bá Káyọ̀dé lórí ìdúró, ó di ẹsẹ̀ ọmọ náà mú, ó ń fi ọwọ́ pa á. Ìfẹ́dayọ̀ ń payín keke. Wọn ò dúró kí òjò náà dá. Aládùúgbò kan fi mọ́tò rẹ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí, ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìdí nìyẹn tí ọkàn wọn fi balẹ̀ díẹ̀ ní ọjọ́ kìíní: omi tó ń kán sínú iṣan, abẹ́rẹ́ ìrora, nọ́ọ̀sì tó mọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ kejì, èémí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Lọ́jọ́ kẹta, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ò tíì sí nínú ìwé o. Ọjọ́rú yìí ni mo ti fẹ́ kọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná."

"Kò le rárá. Ojú ewé kan péré ni."

Àpèkẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ìfẹ́, lọ́jọ́ yẹn, tí mo ní kí o dìde..."

Ọmọ náà ti di ojú. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi."

Ó fún un lómi. Kò rí àyè sọ ìyókù mọ́. Láàárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó gbóná, Ìfẹ́dayọ̀ kú.

Òkú ọ̀fọ̀ ni, àwọn òbí kì í bá irú ẹ̀ dé sàárè. Àbúrò Káyọ̀dé àti pásítọ̀ ìjọ wọn ló lọ sin ín, Àpèkẹ́ ò sì bèèrè ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó jókòó sórí ẹní ní yàrá. Àwọn èèyàn wọlé, àwọn èèyàn jáde. Ìyá kan láti ṣọ́ọ̀ṣì dì í mọ́ra, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Àpèkẹ́ wò ó. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni òun. Agbè wo? Àwọn mìíràn ní Ọlọ́run ló fún ni, Ọlọ́run náà ló gbà á. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé Ọlọ́run kọ́ ló sọ pé wákàtí kan péré.

Ohun tó le jù nínú ilé náà ni ìdákẹ́jẹ́ ọkọ rẹ̀. Káyọ̀dé ò bá a wí, kò bi í léèrè ọjọ́ náà. Ó fi aṣọ funfun bo kọ̀ǹpútà inú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó padà sídìí ìwé ìròyìn rẹ̀. Àpèkẹ́ mọ̀ pé ó ti gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì ti dá a. Kí ó kàn là á mọ́lẹ̀, kó pariwo, kó sọ pé ìwọ lo pa ọmọ mi, ì bá sàn fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ mọ́kànlá wá kí i. Wọ́n kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ láìmọ ohun tí wọ́n á sọ. Juliana ló la ẹnu.

"Mà, wọ́n ti ti yàrá kọ̀ǹpútà."

"Ta ló ń kọ́ yín?"

"Kò sí, mà. Àwa la máa ń mú páálí wa jáde tí a bá gba ìsinmi. Èmi ni mo ń pe ọ̀rọ̀." Ó wolẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń pè ṣáá."

Àpèkẹ́ ò sọ pé òun á wá tàbí òun ò ní wá. Ní Mọ́ńdè, ó wọ aṣọ iṣẹ́, ó gbé ìwé olójú ewé ọgọ́rin náà, ó lọ.

Ó tún àwọn ẹ̀kọ́ tó ti kọjá kọ́ wọn, ó sì ń kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, títí kan àwàdà tí Ìfẹ́dayọ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé kó dá níbẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ṣí ìwé, ó bá ojú ewé tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ti mọ̀ pé yóò dé ibẹ̀. Síbẹ̀, ó dúró pẹ́ níwájú wọn, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ibi tí Àǹtí Ìfẹ́ kọ́ wa dé nìyí," ló sọ. "Èmi náà ò mọ̀ jù báyìí lọ."

Ọmọ kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, kò sì pẹ́ tí kò fi sí ẹni tó lè bẹ ẹnìkejì.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n rán tíṣà kọ̀ǹpútà kan sí ilé ẹ̀kọ́ náà, Henry ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń wá láti Alákijà. Wọ́n gbé Àpèkẹ́ lọ sídìí ìwé orúkọ àti táìmù-tébù. Ó bẹ Henry pé kó jẹ́ kí òun máa jókòó lẹ́yìn.

"Ẹ̀yin kẹ̀, Mọ́mì? Ẹ tún fẹ́ kọ́ ọ ni?"

"Mo fẹ́ mọ èyí tó kù."

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tí Henry débẹ̀, ó bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n dé, Juliana sọ fún un, ó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó kàn ni bí wọ́n ṣe ń la ìlà tábìlì sínú ohun tí wọ́n kọ, kí wọ́n lè to orúkọ àti máàkì sínú rẹ̀. Kò gba ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ọmọ ló ti ṣe é, Àpèkẹ́ náà ṣe é pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wo tábìlì kékeré náà lójú kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni, kò le rárá. Ojú ewé kan péré ni ì bá gbà. Ó rọra dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi orí ti ògiri, ó sì sun irú ẹkún tí kò tíì sun láti ọjọ́ Sátidé yẹn.

Ojú rẹ̀ ṣì wú nígbà tó délé. Káyọ̀dé gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ́ yín lónìí?"

Ó yà á lẹ́nu pé ó béèrè. Ó sọ fún un: bí wọ́n ṣe ń la tábìlì, pé ìyẹn ni Ìfẹ́ fẹ́ kọ sínú ìwé lọ́jọ́rú, pé kò le. Ó fẹ́ kọjá lọ sí kíṣíìnì.

"Àpèkẹ́." Ó ti pẹ́ tó ti fi orúkọ pè é gbẹ̀yìn. "Mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Pálọ̀ yìí ni mo wà. Mo gbọ́ tó ní orúnkún ń ro òun. Mo gbọ́ èsì tìẹ náà."

Àpèkẹ́ dúró sójú kan.

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gbà mí, kí n sọ pé kó má lọ. Mo ní nínú ara mi pé, ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n jù. Mo sì fẹ́ káwọn èèyàn rí ọmọ mi." Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "O rò pé ìwọ ni mò ń bínú sí."

Àpèkẹ́ wá jókòó tì í lórí àga kan náà, ohun tí wọn ò ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọmọ náà. Èjìká Káyọ̀dé ti gbẹ, ó ti rù, òun ò sì kíyè sí i láti oṣù mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù nísàlẹ̀, ìyá kan ń pe tirẹ̀ wọlé. Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sẹ́ni tó dìde tan iná nínú wọn.